Bí Oníṣòwò Ṣe Lè Wọ Ẹgbẹ́ Júù, Ẹgbẹ́ Ìlú àti Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́jáde ní Amẹ́ríkà

Ní ìlú bíi New York, Chicago tàbí Cleveland, bí wọ́n bá fẹ́ pe agbẹjọ́rò tàbí oníléeṣẹ́ kan tó jẹ́ Júù wá sórí pèpéle, atọ́kùn ètò á kọ́kọ́ ka ìtàn ṣókí nípa rẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ tó lọ á wà níbẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe á wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n apá ìkẹyìn ló sábà máa ń gùn jù: ó ti ṣe alága Federation ìlú rẹ̀ rí, ìyẹn àjọ tó ń kó owó àánú àwọn Júù jọ, ó wà nínú ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn kan, òun ló ń kó owó jọ láàárín àwọn tí wọ́n jọ jáde ní yunifásítì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé owó ló gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ débẹ̀. Owó ní ipa tirẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n inú kọmití kékeré kan ni ọ̀pọ̀ wọn ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ka ìwé ìṣúná ilé ìtọ́jú arúgbó lálẹ́ ọjọ́ Túsìdè, tí ẹnikẹ́ni kò sì pàtẹ́wọ́ fún wọn.

Ọ̀nà yẹn ni mo fẹ́ là sílẹ̀ níbí. Ó wà fún Júù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú, fún ẹni tó fẹ́ Júù, àti fún ọmọ Yorùbá tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ sọ fún pé kó wá bá àwọn ṣe é. Púpọ̀ nínú àwọn àjọ wọ̀nyí kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kì í ṣe Júù, pàápàá àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àánú fún gbogbo ìlú.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ẹni tó ń ṣe kí ni

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí Federation. Òun ni àpò gbogbogbòò àwọn Júù ìlú: ó ń gba owó jọ lọ́dọọdún, ó sì ń pín in fún àwọn àjọ tó ń bá àwọn aláìní ṣe ní tààrà. Boston ló kọ́kọ́ ní irú rẹ̀, ní 1895, nítorí pé àjọ aláàánú ti pọ̀ nílùú, gbogbo wọn ló sì ń kan ilẹ̀kùn àwọn olówó kan náà. Lónìí, irú àjọ yìí ju 100 lọ ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, Jewish Federations of North America ló sì so wọ́n pọ̀.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ẹ óò ti rí àwọn yòókù. JCC ni ibùdó àwùjọ, níbi tí adágún ìwẹ̀, yàrá eré ìdárayá àti jẹ́lé-ó-sinmi sábà máa ń wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó ni kì í ṣe Júù. Jewish Family Service ń bójú tó àgbàlagbà, ẹni tí ìrònú gbà lọ́kàn, àti ilé tí oúnjẹ kò tó. Hillel, tó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois ní 1923, wà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Jewish Community Relations Council ló ń bá ìjọba ìlú, ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́ṣáláṣí àti àwọn ẹ̀yà mìíràn sọ̀rọ̀. B'nai B'rith dàgbà ju gbogbo èyí lọ: ọkùnrin 12 tó ṣí wá láti Jámánì ló dá a sílẹ̀ ní ilé kọfí kan ní Essex Street, New York, ní 1843, ìtọ́jú opó àti ọmọ òrukàn sì wà lára iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dáwọ́ lé.

Fún ẹni tó mọ iṣẹ́ owó, Hebrew Free Loan Society ni mo fẹ́ràn jù. Ti New York bẹ̀rẹ̀ ní 1892 pẹ̀lú $95. Ó ń yá ènìyàn lówó láìgba èlé kọ́bọ̀, bí ẹni náà bá ti ní onígbọ̀wọ́, kò sì bìkítà nípa ẹ̀sìn rẹ̀. Òṣìṣẹ́ báńkì tó mọ̀ bí wọ́n ṣe ń yẹ ìwé ẹni tó fẹ́ yáwó wò, níbẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ á ti wúlò láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yan ẹyọ kan

Ẹni tó bá wọ ẹgbẹ́ márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà kò wọ ìkankan. Ẹ yan àjọ Júù kan ṣoṣo, kí ẹ fún un ní ọdún méjì kí ẹ tó fi ẹgbẹ́ ìlú tàbí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kún un. Ẹ bi ara yín pé: kí ni mo mọ̀ ọ́n ṣe tí wọn kò ní? Ta ni ìṣòro rẹ̀ máa ń ká mi lára: àgbàlagbà, akẹ́kọ̀ọ́, àtìpó, aláìsàn? Ìrọ̀lẹ́ mélòó ni mo lè fi sílẹ̀ lóṣù láìjẹ́ pé ilé mi dàrú? Ẹ jẹ́ kí ọkọ tàbí aya yín bá yín dáhùn ìbéèrè kẹta yẹn, nítorí òun náà ni yóò san owó rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ wọlé láti ẹnu ọ̀nà kọmití

Ẹ má béèrè fún àga nínú ìgbìmọ̀ alábòójútó. Ẹ lọ bá ọ̀gá òṣìṣẹ́ àjọ náà, kí ẹ sọ iṣẹ́ tí ẹ mọ̀, kí ẹ sì béèrè kọmití tí ọwọ́ kò tó sí. Aṣírò-owó á lọ sí kọmití ìṣúná. Ẹni tó ń kọ́lé á lọ sí ti ilé àti ohun ìní. Agbẹjọ́rò á lọ bá wọn tún òfin ẹgbẹ́ kọ.

Bí wọ́n bá jẹ́ kí ẹ yàn, ẹ yan kọmití ìpín-owó Federation. Iṣẹ́ wọn ni láti bẹ àwọn àjọ tí owó ń lọ sọ́dọ̀ wọn wò, kí wọ́n ka ìwé ìṣúná wọn, kí wọ́n bá olórí wọn jókòó, kí wọ́n sì dá a lábàá iye tó yẹ kí wọ́n fún olúkúlùkù. Láàárín ọdún kan, ẹ óò mọ gbogbo olórí àjọ ìlú, ẹ óò mọ ibi tí aláìní wà àti iye tí oúnjẹ àgbàlagbà kan ń ná àjọ lọ́sẹ̀. N kò mọ ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tó ń kọ́ni ní ìlú bẹ́ẹ̀ kíákíá.

Nínú kọmití, ohun mẹ́ta ló ń sọni di ẹni ìgbẹ́kẹ̀lé: ká ka ìwé ká tó dé, ká dé lákòókò, ká sì ṣe ohun tá a ní a máa ṣe kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé. Ó jọ ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ ka iye ènìyàn tó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ẹgbẹ́ èyíkéyìí tí ẹ wà, ẹ óò rí i pé wọn kò pọ̀. Àwọn náà ni kọmití tó ń fa orúkọ kalẹ̀ máa ń rántí nígbà tí àga bá ṣófo.

Ìgbésẹ̀ 4: Ẹ mọ àkókò wọn, oúnjẹ wọn àti ọ̀fọ̀ wọn

Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ ní Fúráìdè títí ilẹ̀ á fi ṣú ní Sátidé, Sábáàtì ni. Ẹ má fi ìpàdé síbẹ̀, kí ẹ má sì pe ẹni tó ń pa á mọ́ lórí fóònù. Àwọn ọdún ńlá, Rosh Hashanah (Ọdún Tuntun) àti Yom Kippur (Ọjọ́ Ètùtù), máa ń bọ́ sí September tàbí October, Sukkot (Àjọ Àgọ́) á sì tẹ̀ lé wọn. Ní ìgbà ìrúwé ni Àjọ Ìrékọjá. Oṣù ojú ọ̀run ni wọ́n fi ń ka kàlẹ́ńdà wọn, nítorí náà déètì wọn máa ń yí lọ́dọọdún nínú kàlẹ́ńdà tiwa, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú sì ni ọdún ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí oníṣòwò tó mú ọjọ́ ìpàdé, kó ti ní kàlẹ́ńdà yìí lọ́wọ́.

Ti oúnjẹ: kì í ṣe gbogbo Júù ló ń jẹ kosher, ìyẹn oúnjẹ tí òfin ẹ̀sìn wọn fàyè gbà, àmọ́ bí ẹ bá gba alásè tó ń ṣe é, gbogbo ènìyàn á lè jẹun. Kò ní sí ẹlẹ́dẹ̀, kò ní sí edé àti akàn, a kì í sì í da ẹran pọ̀ mọ́ wàrà. Láàárín àwọn tó jẹ́ Orthodox, ìyẹn àwọn tó rọ̀ mọ́ òfin ẹ̀sìn gan-an, ọkùnrin mìíràn kì í bọ obìnrin tí kì í ṣe ti ilé rẹ̀ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni obìnrin mìíràn. Ẹ dúró kí ẹni náà kọ́kọ́ na ọwọ́. Bí kò bá nà án, kò bú yín.

Ọ̀fọ̀ ni mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá kíyè sí jù, nítorí pé ibẹ̀ ni àṣà àwa méjèèjì ti yàtọ̀ pátápátá. Bí ìyá alága yín bá kú lẹ́ni ọdún 90, wọn kò ní gbé òkú sí mọ́ṣúárì títí di oṣù méjì. Wọ́n á sin ín kíákíá, lọ́jọ́ kejì nígbà mìíràn. Kò sí ìnáwó, kò sí aṣọ ẹbí, kò sí ìlù, bó ti wù kí olóògbé ti dàgbà tó. Lẹ́yìn ìsìnkú, àwọn ọmọ á jókòó sílé fún ọjọ́ méje, èyí tí wọ́n ń pè ní shiva, àwọn ènìyàn á sì máa wá. Ẹ lọ. Ẹ má gbé òdòdó dání. Oúnjẹ ni kí ẹ gbé, kó sì jẹ́ kosher bí ilé náà bá ń pa á mọ́. Ẹ wọlé jẹ́jẹ́, ẹ jókòó, kí ẹ dúró de ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bí kò bá sọ nǹkan kan, jíjókòó yín ti tó. Ẹ má dárúkọ iṣẹ́ àjọ níbẹ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, ẹni náà á ṣì máa rántí pé ẹ wá.

Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ kọ́kọ́ fi owó tiyín sílẹ̀

Maimonides, rábì àti oníṣègùn tó kú ní Íjíbítì ní 1204, to ìtọrẹ àánú sí ìpele mẹ́jọ. Ìpele tó rẹlẹ̀ jù ni ti ẹni tó fúnni tí inú rẹ̀ kò dùn sí i. Èyí tó ga jù ni ká yá ènìyàn lówó, ká bá a da òwò pọ̀, tàbí ká wá iṣẹ́ fún un, kó má baà ní láti nawọ́ sí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ rí i pé oníṣòwò ló wà ní ipò tó dára jù láti ṣe ti òkè pátápátá yẹn: ẹ lè gba ẹnì kan síṣẹ́. Ẹni tó bá gba àtìpó tí HIAS, àjọ Júù tó ń ran àwọn tó sá kúrò nílùú wọn lọ́wọ́, tàbí Jewish Family Service mú wá síṣẹ́ ti ṣe ju ẹni tó ra tábìlì níbi àsè alẹ́ lọ, lójú tèmi.

Síbẹ̀, ẹ fi owó sílẹ̀, kékeré ni kó kọ́kọ́ jẹ́. Michael Bloomberg, oníléeṣẹ́ Júù tó ṣe olórí ìlú New York rí, jáde ní Yunifásítì Johns Hopkins ní 1964. Ọrẹ tó kọ́kọ́ fún ilé ẹ̀kọ́ náà, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, jẹ́ $5. Ní 2018, ó fún un ní bílíọ̀nù 1.8 dọ́là, kí ọmọ tálákà lè kàwé níbẹ̀ láìjẹ gbèsè. Láàárín méjèèjì, ó ti ṣe alága ìgbìmọ̀ yunifásítì náà láti 1996 sí 2002. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú níbẹ̀ ni pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi dọ́là márùn-ún ránṣẹ́ ti wọ inú ìwé wọn.

Federation máa ń to àwọn olùtọrẹ sí ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí iye tí wọ́n ń fi sílẹ̀. Ti àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Lion of Judah bẹ̀rẹ̀ ní Miami ní 1972. Ẹni tó bá ń fi $5,000 sílẹ̀ lọ́dún, ó kéré tán, máa ń fi ère kìnnìún kékeré sí àyà aṣọ. Ẹ má jẹ́ kí kìnnìún náà mú yín ṣèlérí ohun tí apá yín kò ká. Bí wọ́n bá ti kọ ìlérí sílẹ̀, wọ́n ti ń fi í ṣe ìṣúná. Bí ẹ kò bá san án, oúnjẹ ẹnì kan ló dín kù.

Ẹ tọ́jú ìwé. Bí ọrẹ kan bá tó $250 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin owó-orí Amẹ́ríkà ní kí ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ àjọ náà kí ẹ tó lè yọ ọ́ kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó-orí lé lórí. Àkókò tí ẹ lò kò ṣe é yọ, bó ti wù kí wákàtí yín wọ́n tó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi ọkọ̀ yín ṣe iṣẹ́ àjọ, sẹ́ǹtì 14 lórí máìlì kọ̀ọ̀kan ni òfin fàyè gbà.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tọrọ owó

Ibí ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti máa ń yẹra. A lè dáwó, a lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ojú máa ń tì wá láti jókòó níwájú ẹgbẹ́ ẹni ká sọ pé “fún wa ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là.” Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ kọ orúkọ ènìyàn márùn-ún tí wọ́n mọ̀ yín, tí wọ́n sì fọkàn tán yín. Ẹ wádìí ohun tí olúkúlùkù ti fi sílẹ̀ rí àti ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀: ẹni tí ìyá rẹ̀ lo ọdún mẹ́rin nínú ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kò ní fetí sí ọ̀rọ̀ adágún ìwẹ̀ JCC bó ṣe máa fetí sí ti àgbàlagbà. Ẹ pè é, kí ẹ sì sọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ rí i, kó má baà rò pé ọ̀rọ̀ òwò ni. Ẹ rí i lójúkojú. Àtẹ̀jíṣẹ́ WhatsApp kò lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Bí ẹ bá jókòó, ẹ béèrè nípa rẹ̀ kí ẹ tó sọ ti àjọ. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ìtàn ẹnì kan tí àjọ náà ràn lọ́wọ́, láìdárúkọ ẹni náà. Ẹ sọ iye tí ẹ̀yin fúnra yín fi sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ dárúkọ iye kan pàtó: “Mo fẹ́ kí ẹ ro $5,000 wò.” Kí ẹ wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn á gùn lójú yín. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ má bẹ̀rẹ̀ sí í sọ iye yẹn kalẹ̀. Òun ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ bi í bóyá iye ni, àkókò ni, tàbí iṣẹ́ náà ni kò wù ú, nítorí ìdáhùn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn. Bó bá gbà, ẹ fọwọ́ ara yín kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Ẹni tó ń bẹ̀rù lè kọ́kọ́ lọ ṣe Super Sunday, ọjọ́ Sunday kan tí Federation máa ń kó àwọn olùyọ̀ǹda jọ láti tẹ olùtọrẹ láago láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ènìyàn ogún bá ti já fóònù mọ́ yín létí, ìtìjú á ti lọ.

Julius Rosenwald ló kọ́ mi ní ohun tó ku nínú iṣẹ́ yìí. Òun ló darí Sears, Roebuck ní Chicago, ó sì jẹ́ ọmọ ìjọ Chicago Sinai. Ó ṣèlérí pé ìlú èyíkéyìí tó bá kó $75,000 jọ láti kọ́ ilé YMCA fún àwọn adúláwọ̀, òun á fi $25,000 kún un. Òun àti Booker T. Washington, olùkọ́ àti aṣáájú àwọn adúláwọ̀, ló tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ adúláwọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà. Nígbà tí Rosenwald fi kú ní 1932, ilé ẹ̀kọ́ náà ti sún mọ́ 5,000. Kò dá gbé owó rẹ̀ kalẹ̀. Ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ mú tirẹ̀ wá, àwọn òbí sì mú owó, ilẹ̀, igi àti agbára wọn wá, àwọn tó jẹ́ pé òwú ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbìn lórí ilẹ̀ onílẹ̀. Nítorí náà, bí olówó kan bá fẹ́ fún àjọ yín ní owó ńlá, ẹ béèrè bóyá ó lè fi ṣe àfikún sí ohun tí àwọn mìíràn bá dá. Owó kan á wá pe owó mìíràn wọlé, àwọn tó dá kékeré náà á sì mọ̀ pé tàwọn ni ilé náà.

Ìgbésẹ̀ 7: Kí ẹ tó gba àga, ẹ ka ìwé

Nígbà tí wọ́n bá pè yín sínú ìgbìmọ̀ alábòójútó, ẹ dúpẹ́, ẹ má tíì gbà. Àjọ aláàánú tí kì í san owó-orí gbọ́dọ̀ fi ìwé kan tí wọ́n ń pè ní Form 990 ránṣẹ́ sí ìjọba lọ́dọọdún, ìwé náà sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Kò pọn dandan fún sínágọ́gù, ṣọ́ọ̀ṣì àti irú ilé ìjọsìn bẹ́ẹ̀. Ẹ wá ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ wo owó tó wọlé àti èyí tó jáde, owó oṣù àwọn ọ̀gá, àti bóyá àjọ náà ń bá iléeṣẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ kan dòwò pọ̀. Bí àjọ kan bá kọ̀ láti fi í ránṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta léraléra, ẹ̀tọ́ àìsan owó-orí rẹ̀ ti bọ́ nìyẹn, láìsí ẹjọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ béèrè ìròyìn ayẹ̀wé-owó-wò tó dé kẹ́yìn, òfin ẹgbẹ́, iye tí wọ́n ń retí kí ọmọ ìgbìmọ̀ dá tàbí kó wá, àti ìwé ìnṣọ́ránsì tó ń dáàbò bo ọmọ ìgbìmọ̀ bí ẹnì kan bá pe àjọ lẹ́jọ́. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè wọ̀nyí ti dá yín lóhùn.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹ ṣọ́ owó àwùjọ

Ojúṣe mẹ́ta ni òfin Amẹ́ríkà gbé lé ọmọ ìgbìmọ̀ lọ́rùn: kó fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ kó tó dìbò, kó fi àǹfààní àjọ ṣáájú tirẹ̀, kó sì rí i pé àjọ kò kúrò lórí ìdí tí wọ́n fi dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́gbọ́n inú Talmud, ìwé òfin àti ẹ̀kọ́ àwọn Júù àtijọ́, ti sọ ọ́ tipẹ́: ẹni méjì ni kó máa gba owó àánú jọ, ẹni mẹ́ta ni kó máa pín in. Wọn kò fi í sílẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n gbàgbé. Ní December 11, 2008, wọ́n mú Bernard Madoff, tó ń gba owó lọ́wọ́ ènìyàn láti fi dókòwò fún wọn, ní New York fún jìbìtì tó ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òun ni akápò ìgbìmọ̀ alábòójútó Yeshiva University nígbà náà. Owó Yeshiva wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ti ẹgbẹ́ obìnrin Hadassah wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ti àjọ Elie Wiesel, ẹni tó yọ nínú àgọ́ ìparun Auschwitz. Àwọn ènìyàn yìí kò gọ̀. Ọmọ ilé ni Madoff, ó ń tọrẹ, ó jókòó nínú ìgbìmọ̀, ọ̀rẹ́ ọ̀rẹ́ wọn ni. Nítorí náà wọn kò béèrè. Ọdún 150 ni wọ́n dá fún un ní 2009, àmọ́ ìdájọ́ yẹn fúnra rẹ̀ kò dá owó àwọn àjọ náà padà.

Bí ẹ bá wà nínú ìgbìmọ̀, ẹ dúró lórí nǹkan wọ̀nyí kódà bí wọ́n bá ní ẹ le jù. Kí ọmọ ìgbìmọ̀ má ṣe jẹ́ ẹni tí àjọ ń gbé owó fún láti fi ṣòwò. Kí báńkì tó ń tọ́jú owó yàtọ̀ sí ẹni tó ń dá sí bí wọ́n ṣe ń lò ó, kí báńkì náà sì fi ìwé ránṣẹ́ sí àjọ ní tààrà. Kí iléeṣẹ́ tó ń yẹ ìwé owó wò tóbi tó iṣẹ́ náà; aṣírò-owó Madoff jẹ́ ilé kékeré kan tí kò tó nǹkan. Kí ọwọ́ méjì máa wà lórí ṣẹ́ẹ̀kì. Bí ọ̀rọ̀ tó kan iléeṣẹ́ yín bá dé orí tábìlì, ẹ sọ ọ́, ẹ dìde, ẹ jáde kí wọ́n tó dìbò, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ jáde. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ní Houston tàbí London, ẹ mọ̀ pé “ẹni wa ni” ń ba àpò tiwa náà jẹ́.

Ohun kan kù: ìgbìmọ̀ ló ń gba ọ̀gá òṣìṣẹ́ tó sì ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, ṣùgbọ́n kì í pàṣẹ fún akọ̀wé tó wà ní ọ́fíìsì. Ẹni tó ń darí iléeṣẹ́ tirẹ̀ ló máa ń ṣẹ̀ sí òfin yìí jù.

Ìgbésẹ̀ 9: Ẹgbẹ́ ìlú

Nígbà tí ẹsẹ̀ yín bá ti múlẹ̀, ẹ lọ síbi tí àwọn tí kì í ṣe Júù pọ̀ sí: ìgbìmọ̀ láíbìrì, ilé ìwòsàn, ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò, Rotary. Paul Harris, agbẹjọ́rò, ló pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan jọ ní Chicago ní February 23, 1905, tí wọ́n fi dá Rotary sílẹ̀; oníṣòwò èédú kan wà lára wọn. Ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ kí ènìyàn máa wá déédéé ju ohunkóhun lọ.

Ilé ìwòsàn ní ìtàn tirẹ̀. Mount Sinai ní New York bẹ̀rẹ̀ ní 1852 gẹ́gẹ́ bí ilé ìwòsàn àwọn Júù; lónìí gbogbo ìlú ló ń tọ́jú. Ẹni tó ti inú àjọ Júù lọ sínú ìgbìmọ̀ irú ilé bẹ́ẹ̀ máa ń rí i pé ohun tó kọ́ nínú kọmití ìpín-owó ni wọ́n ń béèrè níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún òṣèlú. Òfin kò fàyè gba àjọ aláàánú tí kì í san owó-orí láti gbè sẹ́yìn olùdíje kankan. Ẹ̀yin lè dìbò, ẹ lè dáwó fún ẹni tó wù yín, àmọ́ ẹ má fi orúkọ àjọ tàbí ipò yín níbẹ̀ ṣe é. Àti lórí ọ̀rọ̀ Ísírẹ́lì, tó máa ń ya àwọn Júù fúnra wọn nípá, alága tàbí ẹni tí ìgbìmọ̀ yàn nìkan ló ń sọ̀rọ̀ lórúkọ àjọ. Bí oníròyìn bá pè yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí wọn.

Ìgbésẹ̀ 10: Ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde

Ní àwọn ọdún 1920, àwọn yunifásítì ńlá kan, Harvard wà lára wọn, wá ọ̀nà láti dín iye ọmọ Júù tí wọ́n ń gbà kù. Ọ̀pọ̀ ọmọ àtìpó lọ sí City College ní New York, níbi tí owó ilé ẹ̀kọ́ ti jẹ́ ọ̀fẹ́ títí di 1976. Andrew Grove, ọmọ Júù tó sá kúrò ní Hungary, jáde níbẹ̀ ní 1960 pẹ̀lú oyè nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà, ó sì wá di olórí Intel, iléeṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀yà kọ̀ǹpútà. Ní 2005, ó fún ilé ẹ̀kọ́ náà ní mílíọ̀nù 26 dọ́là. Ìdí tí àwọn tó jáde níbẹ̀ fi ń padà wá kò ṣòroó mọ̀: ilẹ̀kùn yẹn ló ṣí nígbà tí àwọn yòókù tì.

Iṣẹ́ tó wúlò jù nínú ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde kò tíì dé orí owó. Ẹ tún àdírẹ́sì àti iṣẹ́ yín ṣe nínú ìwé wọn. Ẹ gba akẹ́kọ̀ọ́ kan láti tọ́ sọ́nà, ẹyọ kan péré, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ lóṣooṣù títí tó fi máa jáde. Ẹ jẹ́ kí iléeṣẹ́ yín gba ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà fún iṣẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kó sì jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó fún, nítorí ọmọ tálákà kò lè ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ fún oṣù mẹ́ta. Bí Hillel bá wà níbẹ̀, ẹ lọ jẹun alẹ́ Fúráìdè pẹ̀lú wọn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ óò gbọ́ ohun tí ìròyìn ìgbìmọ̀ yunifásítì kì í sọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá darapọ̀ mọ́ ìkówójọ àwọn tí ẹ jọ jáde, ní ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún tàbí ìkarùndínlọ́gbọ̀n.

Ìgbésẹ̀ 11: Ẹ mọ ìgbà tó yẹ kí ẹ kúrò

Ọ̀pọ̀ àjọ máa ń fún ọmọ ìgbìmọ̀ ní sáà ọdún mẹ́ta, tí ó ṣe é tún ṣe. Láti ọjọ́ tí ẹ bá gba àga, ẹ ti máa wo ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ yín. Ẹ mú un wọ kọmití, ẹ jẹ́ kó bá yín lọ tọrọ owó, ẹ jẹ́ kí òun náà sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀yin ì bá sọ ọ́. Bí sáà yín bá pé, ẹ kọ ohun tó wà nílẹ̀ sílẹ̀: ìlérí owó tí wọn kò tíì san, ọ̀rọ̀ ẹjọ́ tó wà nílẹ̀, orúkọ àwọn olùtọrẹ àti ohun tó wù olúkúlùkù. Ẹ bá ẹni tuntun jókòó lórí rẹ̀ títí yóò fi yé e. Lẹ́yìn náà, ẹ máa fi ọrẹ yín ránṣẹ́ bí ti tẹ́lẹ̀, ẹ gbé fóònù bí alága tuntun bá pè, kí ẹ sì jẹ́ kí ọdún kan gbáko kọjá kí ẹ tó tún yọjú sí ìpàdé wọn.